Kí Ló Sọ Ẹrẹ̀ Òní Di Arúgbó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ Òkun Ross ní Àntákítíkà ni mo fi ń ṣe ìwádìí mi. Mo bu díẹ̀ lára èyí tó wà lókè pátápátá, mo fi ránṣẹ́ fún radiocarbon, ìyẹn àyẹ̀wò irú kábọ́ọ̀nù kan tó ń dín kù bí ọdún ṣe ń lọ, tí wọ́n fi ń mọ ọjọ́ orí nǹkan, èsì sì ní ó ti tó 4,000 ọdún. Ṣé ẹrẹ̀ mi ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má dà á nù. Ní Òkun Ross, ẹrẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ lè fi ọjọ́ orí ọdún 2,000 sí 5,000 hàn. Omi ibẹ̀ wà lára ohun tó fà á: ó ti pẹ́ ní ìsàlẹ̀ òkun kó tó rú sókè, débi pé ẹran omi tó wà láàyè pàápàá lè dà bí ẹni ọdún 1,100 sí 1,300. Èyí tó le jù ni ti yìnyín. Ó ń ha àwọn òkè Transantarctic, èédú àtayébáyé sì wà nínú àpáta wọn. Radiocarbon ti tán nínú èédú yẹn. Bí lúbúlúbú rẹ̀ bá dà pọ̀ mọ́ òkú diatom, ìyẹn ewé omi tíntìntín tó ń rọ̀ láti ojú omi, àpapọ̀ méjèèjì ni ẹ̀rọ máa kà fún ọ.

Àmọ́ kí n tó gba 4,000 yẹn, mo fẹ́ mọ ohun tí wọ́n fi gbé ẹrẹ̀ náà. Gravity corer, ìyẹn páìpù gígùn tí wọ́n de irin wúwo mọ́ lórí, máa ń já lu ilẹ̀ tí ẹrẹ̀ rírọ̀ òkè á fi fọ́n ká. Ohun tí o pè ní òkè lè má jẹ́ òkè. Béèrè bóyá wọ́n sọ multicorer, ìyẹn ẹ̀rọ tó ní páìpù kúkúrú mélòó kan, sílẹ̀ níbi kan náà. Ìyẹn máa ń rọra wọlẹ̀, omi orí ẹrẹ̀ gan-an á bá a gòkè. Kí o wá wọn òjé 210, irú òjé kan tó ń pòórá fúnra rẹ̀, nínú méjèèjì. Ìdajì rẹ̀ máa ń pòórá ní nǹkan bí ọdún 22, nítorí náà ibi tó bá ti pọ̀ ju èyí tí ẹrẹ̀ fúnra rẹ̀ ń pèsè, ẹrẹ̀ ibẹ̀ kò ju bí 150 ọdún lọ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn kàn máa ń yọ ọjọ́ orí ti òkè kúrò lára ti ìsàlẹ̀. Mi ò fara mọ́ ọn fún ẹrẹ̀ ìgbà tí yìnyín ṣì wà nítòsí, torí èédú tó ń kó wá nígbà náà kò bá ti òní dọ́gba. Karawun foraminifera, ìyẹn ẹ̀dá òkun tíntìntín, ni kí o wá. Omi ibẹ̀ máa ń jẹ wọ́n, wọn ò pọ̀, ṣíṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan lábẹ́ awò á sì sú ọ, ṣùgbọ́n mílígíráàmù díẹ̀ ti tó. Rántí láti yọ ọjọ́ orí omi kúrò.

Bí o kò bá rí ìkankan, wá yàrá ìwádìí tó ń mú ẹrẹ̀ gbóná díẹ̀díẹ̀: kábọ́ọ̀nù tuntun ló sábà máa ń kọ́kọ́ jáde, ti èédú á kẹ́yìn. Ó wọ́n. Nítorí náà, ibi tí ẹrẹ̀ yìnyín ti parí tí ti diatom bẹ̀rẹ̀ ni kí o náwó sí, torí ibẹ̀ ni wàá ti mọ ìgbà tí yìnyín kúrò.