Oúnjẹ wo ni ká fún òròmọdìẹ tó ń gbé pẹ̀lú àgbébọ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Àgbébọ̀ 12 tó ti ń yé ni mo ń sìn lẹ́yìnkùlé mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra òròmọdìẹ 15 tó pé ọ̀sẹ̀ 5 kún wọn, layers mash (oúnjẹ adìẹ tó ń yé) ni gbogbo wọn sì jọ ń jẹ. Ṣé kò sí ewu níbẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ewu wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, láti òní lọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ náà jẹ ẹ́ mọ́. Èèpo ẹyin kan ṣoṣo ń gba bíi gíráàmù 2 kálísíọ̀mù lára àgbébọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi tó gíráàmù 35 sí 40 sínú kílò oúnjẹ rẹ̀ kan, bẹ́ẹ̀ bíi gíráàmù 10 péré ló tó òròmọdìẹ. Kíndìnrín ọmọ adìẹ ló máa ń ru àpọ̀jù yẹn títí yóò fi bàjẹ́. Mo ti la irú adìẹ bẹ́ẹ̀ rí: ohun funfun bí ẹfun ló bo ọkàn àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ fi àwọ̀n wáyà pín ilé adìẹ yín sí méjì, kí àwọn ọmọ máa jẹ chick mash (oúnjẹ òròmọdìẹ) ní tiwọn títí wọn yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 8. Àwọn àgbà kò ní ráyè ṣá wọn lórí nígbà náà. Bí àyè kò bá gbà yín láti pín in, chick mash náà ni kí gbogbo wọn máa jẹ, pẹ̀lú ìkarahun tí mo máa sọ nísàlẹ̀ fún àwọn tó ń yé, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ń tà á bóyá oògùn wà nínú rẹ̀, nítorí ẹyin tí ẹ̀ ń jẹ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 8, ẹ da wọn pọ̀ sórí growers mash (oúnjẹ adìẹ tó ń dàgbà), kí ẹ sì fọ́ ìkarahun ìgbín tàbí ti ìṣáwùrú sínú abọ́ ọ̀tọ̀ fún àwọn tó ń yé. Ẹ má lọ̀ ọ́ kúná bí èlùbọ́. Kó tó ìlàjì hóró àgbàdo. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú lọ, ẹ ó rí àgbébọ̀ níbi abọ́ náà tí yóò máa ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tí èyí tí kò tíì yé yóò kàn sọ ọ́ lẹ́nu kan, tí yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹyin lè dín díẹ̀ lásìkò yìí, torí pé growers mash kò lágbára tó layers mash, ṣùgbọ́n ó sàn fún mi ju kí ọmọ adìẹ kú lọ. Bí àwọn ọmọ bá ti pé ọ̀sẹ̀ 18, tí ẹ sì rí ẹyin àkọ́yé wọn, ẹ lè dá gbogbo wọn padà sórí layers mash.