Èsì: Ẹ má tíì fọwọ́ kan timing ẹ́ńjìnnì yẹn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ́ńjìnnì tí ẹ fi ń lọ èlùbọ́ l'Ómù-Àrán ń tú èéfín dúdú, ó ń mu dísù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mẹkáníìkì sì fẹ́ fa timing, ìyẹn àkókò tí epo ń wọ inú ẹ́ńjìnnì, síwájú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a dúró ná.

Èéfín dúdú fi hàn pé epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, kò sì jóná tán. Fílítà afẹ́fẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Eruku ọyẹ́ pẹ̀lú ìyẹ̀fun èlùbọ́, kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń dí i. Lẹ́yìn náà, ẹ tú nọ́sù (nozzle), ìyẹn ẹnu tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, kí ẹ gbé e wá s'Ílọrin fún àwọn tó ní ẹ̀rọ ìdánwò rẹ̀. Nọ́sù tó ń kán dípò kó máa fọ́n epo, owó ló ń dà nù.

Tí wọ́n bá fa timing síwájú, epo á tètè wọlé, èyí tí ẹ́ńjìnnì ń mu lè dínkù díẹ̀. Ṣùgbọ́n ooru inú sílíńdà, níbi tí epo ti ń jóná, á ga, gáàsì olóró nitrogen oxides á pọ̀ sí i, ẹ́ńjìnnì á sì máa kan gbàgbà. Tí wọ́n bá fà á sẹ́yìn jù, gáàsì yẹn á dínkù, èéfín dúdú àti owó dísù á gòkè. Iye dìgíríì timing tó wà nínú ìwé ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ tẹ̀lé; ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi etí lásán ṣe é. Ẹ bi mẹkáníìkì bóyá ẹnì kan ti yí skúrù tó ń fi kún epo lára pọ́ǹpù rí.

Mo ń tẹnu mọ́ ọn torí àwọn ìyá tó ń dúró de èlùbọ́ wọn ló ń fa èéfín yẹn símú.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ bí nọ́sù bá ṣe rí.