Òjò wó ọ̀nà wa: ta ló máa tún un ṣe, inú owó wo ló sì ti máa jáde?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa ní Ọba-Ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Akúrẹ́. Òjò àti ìjì tó jà lóṣù tó kọjá gbé kọ́fátì ẹnu ọ̀nà wa, tí omi ń gbà abẹ́ títì kọjá, lọ, ó sì jẹ ìdajì títì mọ́ ọn. Mọ́tò ò wọlé mọ́, ọ̀kadà nìkan ló ń rápálá kọjá. A kọ̀wé sí kánsù ní Akúrẹ́, wọ́n ní àwọn kọ́ ló ni wá. Ọ̀nà àdúgbò kejì tó bàjẹ́ lọ́jọ́ kan náà, wọ́n ti ń da òkúta sí i. Ṣé kì í ṣe owó kan náà ni? Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ èyí tí wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe? Àbí kí àwa onílé kúkú dáwó, kí a fi ọ̀dà tẹ́ ẹ fúnra wa? Ẹnìkan sì tún wà tó mọ fẹ́ǹsì lé ojú gótà, a ò mọ ẹni tó yẹ kó bá a sọ̀rọ̀.

ÌDÁHÙN

Akọ̀wé wa, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ lẹ́tà yín ṣáájú, nítorí ibẹ̀ ni àsìkò ti ń ṣòfò jù. Òótọ́ ni wọ́n sọ fún yín. Ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Akúrẹ́ kọ́ ló ni Ọba-Ilé. Àríwá Akúrẹ́ ló ni yín, Ìjú tí ọ́fíìsì wọn wà sì ni ẹ ti máa bá wọn. Ìlú ti fẹ̀ dé ọ̀dọ̀ yín, ilé ti fara kan ilé débi pé ẹni tó gbéra láti Alágbàká ní Akúrẹ́ kò ní mọ ìgbà tó bọ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n ààlà wà nínú ìwé, ìwé ni owó sì ń tẹ̀ lé. Ohun tí mo rí bí àléébù ni pé wọn ò júwe Ìjú fún yín, wọ́n kàn ní àwọn kọ́.

Kí ẹ tó kọ òmíràn, ẹ wádìí ẹni tó ni ọ̀nà náà gan-an. Títì tó so ìlú ńlá pọ̀, irú Iléṣà sí Akúrẹ́, Akúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀, Akúrẹ́ sí Adó-Èkìtì, ti ìjọba àpapọ̀ ni, FERMA sì ni àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ láti máa tún un ṣe. Ìpínlẹ̀ Òǹdó ní tirẹ̀, OSARMCO, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń tún ọ̀nà ṣe, ló máa ń gbé gírédà àti ọ̀dà jáde fún un. Èyí tó kù, ojú ọ̀nà àdúgbò, gótà inú àdúgbò, ọ̀nà oko, ìjọba ìbílẹ̀ ni ìwé òfin ọdún 1999 gbé e lé lọ́wọ́. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀nà kejì tí ẹ rí yẹn jẹ́ ti ìpínlẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, àpò ọ̀tọ̀ ni owó rẹ̀ ti jáde, kì í ṣe pé ẹnìkan fo tiyín ṣe tiwọn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Nínú nǹkan bíi 195,000 kìlómítà ọ̀nà tí wọ́n máa ń kà fún Nàìjíríà, nǹkan bíi 132,000 ló wà lọ́rùn àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá wá jókòó l'Ábùjá lóṣooṣù láti pín owó àpò àpapọ̀, ìdá 20.60 nínú ọgọ́rùn-ún ni gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 774 jọ máa ń pín mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ìjọba àpapọ̀ ń mú 52.68, àwọn ìpínlẹ̀ ń mú 26.72. Owó VAT, ìyẹn owó orí ọjà, náà wà, ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni ti ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: ẹni tí ọ̀nà pọ̀ sí lọ́rùn jù ni ìpín rẹ̀ kéré jù nínú àpò ńlá yẹn. Kí á tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú alága kánsù, ó yẹ kí á mọ ìyẹn.

Ìyẹn náà kì í dé ọwọ́ wọn tààrà. Àpò àjọni kan wà tí ìwé òfin ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní pẹ̀lú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀. Inú ibẹ̀ ni owó máa ń kọ́kọ́ balẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ owó oṣù àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì àti owó àwọn lọ́balọ́ba, kí èyí tó kù tó dé kánsù. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, àti pé kánsù tí àwọn ará ìlú dìbò yàn nìkan ló gbọ́dọ̀ gbà á. Inú mi dùn sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìmúṣẹ rẹ̀ kò yá bí àwọn ènìyàn ṣe retí. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ìdájọ́ yẹn nìkan ló máa di kòtò: bí owó bá dé tààrà lọ́la, olùkọ́ ṣì máa gbowó oṣù, ẹni tó fẹ̀yìn tì ṣì máa gba tirẹ̀. Owó tí kánsù ń pa fúnra rẹ̀, irú tikẹ́ẹ̀tì ọjà àti ti páàkì, kò lè ra òkúta púpọ̀.

Ẹ tún máa gbọ́ tí àwọn kan ń dárúkọ Ecological Fund, owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìbàjẹ́ ilẹ̀ àti àyíká. Owó náà wà lóòótọ́, láti ọdún 1981. Ìdá 0.60 nínú 20.60 tí mo kà lókè ti wá láti ibẹ̀, ó sì ti wọnú owó oṣooṣù kánsù. Èyí tó tóbi wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, ibi tí ọ̀gbàrá ti gbẹ́ ilẹ̀ di àfonífojì tó ń gbé ilé mì ni wọ́n ń ná an sí. Kọ́fátì kan ní Ọba-Ilé kò ní débẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ dáwó kí òun bá yín lépa rẹ̀ l'Ábùjá, ẹ sá fún un.

Ohun kan wá wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ju gbogbo iye owó yìí lọ: òjò tó rọ̀ lọ́dún yìí, owó tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ lésìí ni wọ́n máa fi tún un ṣe. Ìparí ọdún ni kánsù máa ń ṣètò ìṣúná ọdún tó ń bọ̀, àwọn kánsẹ́lọ̀ á fọwọ́ sí i. Nínú rẹ̀, ẹ óò rí ìlà kan fún títún ọ̀nà àti gótà ṣe, kì í pọ̀, òjò oṣù Kẹrin àti ìkarùn-ún sì ti máa ń jẹ púpọ̀ níbẹ̀ kí ti oṣù Keje tó dé. Ẹni tó bá wá kọ̀wé nígbà náà, ìyókù ló ń bá. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún ẹgbẹ́ onílé pé kí lẹ́tà yín ní ẹ̀bẹ̀ méjì nínú: ẹ bẹ̀ wọ́n fún ohun tí ọkọ̀ á fi lè kọjá báyìí, kí ẹ sì béèrè pé kí wọ́n kọ kọ́fátì tuntun sínú ìṣúná ọdún tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kó dé ọwọ́ wọn kí oṣù Kẹsàn-án tó parí. Èyí tó bá dé ní oṣù Kejìlá ti pẹ́.

Ẹ ní báwo ni wọ́n ṣe ń yàn. Mo ti ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka iṣẹ́ òde, tó ń rí sí ọ̀nà àti gótà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a máa ń wò. Jíjìn kòtò kọ́. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ta ni kò ní rí ọ̀nà mìíràn gbà? Ọ̀nà tó lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé, tí aboyún ń gbà, ń ṣáájú títì àdúgbò tó ní ojú méjì. Ọ̀nà oko tí wọ́n ń gbà gbé kòkó jáde lè fo ọ̀nà ìgboro kan kọjá bí ìkórè bá ti ń bọ̀, àwọn ará ìgboro kì í sì í fẹ́ gbọ́ ọ. Nítorí náà, bí mọ́tò yín bá lè gba ẹ̀yìn wọlé, kódà kó jẹ́ àyíká gígùn, orúkọ yín ti wálẹ̀ nìyẹn. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn rárá, ìlà àkọ́kọ́ lẹ́tà yín ni kó wà.

Lẹ́yìn ìyẹn, a máa ń wò bóyá ìbàjẹ́ náà ti dúró tàbí ó ṣì ń rìn. Ẹ gbìyànjú èyí fúnra yín nígbà tí òjò bá dá, kì í ṣe nígbà tí omi ń ṣàn: ẹ dúró sórí ilẹ̀ tó le, ní ìsàlẹ̀ ibi tó ti já, kí ẹ ki igi gígùn kan bọ abẹ́ etí ọ̀dà. Bó bá kan yẹ̀pẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ibi tí ẹ rí yẹn ló mọ. Bí igi bá wọlé tó ìgbọ̀nwọ́, tí kò kan nǹkankan, abẹ́ títì ti ṣófo, ọ̀dà tó dà bíi pé ó ṣì wà lókè yẹn kò dúró lórí nǹkankan. Ẹ ti ọ̀nà pa níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ fi ẹ̀ka igi àti àgbá dí i, torí ọkọ̀ omi kan péré ló kù kó jìn. Ẹ ya fọ́tò igi náà níbi tó wọlé dé, kí ẹ fi sínú lẹ́tà. Ẹnjiníà kánsù tó bá rí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé náírà kan tí òun kò ná lónìí á di púpọ̀ tó bá di òjò oṣù Kẹsàn-án, òun náà á sì rí ohun fi han ọ̀gá rẹ̀.

A tún máa ń béèrè ibi tí omi ti ń bọ̀ àti ibi tó ń lọ. Púpọ̀ nínú kọ́fátì tó ń wó ní Akúrẹ́ àti àyíká rẹ̀, kì í ṣe òjò nìkan ló wó wọn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ẹnu rẹ̀: ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, àpò sìmẹ́ǹtì, ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti há síbẹ̀. Omi tí kò ríbi gbà lábẹ́ á gun orí títì, á sì máa jẹ ẹ́ láti ẹ̀gbẹ́. Àgbàrá òjò ò lóun ò ní í wólé, onílé ni ò ní í gbà fún un. Àdúgbò tí kò bá ti la ọ̀nà fún omi ní ìsàlẹ̀, mi ò lè fọwọ́ sí owó fún un lókè.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni òṣèlú máa ń dé, irọ́ ni màá pa bí mo bá ní kì í dé. Kánsẹ́lọ̀ kọ̀ọ̀kan ló fẹ́ kí nǹkan ṣẹlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù tirẹ̀. Wọ́n á wá pín owó tó tó kọ́ kọ́fátì méjì tó dáa sí wọ́ọ̀dù gbogbo, kálukú á gba ẹrù tipà yẹ̀pẹ̀ pupa díẹ̀, òjò méjì á sì gbá gbogbo rẹ̀ sínú gótà. Èmi kò fara mọ́ ọn rí. Síbẹ̀, kánsẹ́lọ̀ yín ló máa dìde sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń jókòó lórí ìṣúná, nítorí náà ẹ mú un wá síbẹ̀ kó fojú ara rẹ̀ rí i. Kó kàn rí fọ́tò lórí fóònù kò tó.

Bí ẹ bá ti fi lẹ́tà sílẹ̀ ní Ìjú, ẹ gba òǹtẹ̀ wọn sórí ẹ̀dà tiyín, kí ẹ sì fi ẹ̀dà fún ẹ̀ka iṣẹ́ òde. Bí wọ́n bá dákẹ́, ẹ lè fi òfin òmìnira ìròyìn ọdún 2011 béèrè iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún àtúnṣe ọ̀nà àti ibi tí wọ́n ná an sí. Ọjọ́ méje ni òfin fún wọn láti dáhùn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òfin náà kò mọ sí Àbújá nìkan. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Kò sí ìdí fún ìjà.

Ní ti dídá owó, ẹ lè dá a, ṣùgbọ́n ẹ má fi ra ọ̀dà. Ọ̀dà tí wọ́n tẹ́ sórí ilẹ̀ tó mu omi lásìkò òjò kò ní rí ọdún tuntun. Ohun tí owó onílé lè ṣe dáadáa ni páìpù kọnkéré àti òkúta ńlá, lẹ́yìn tí ẹ bá ti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀ka iṣẹ́ òde, kí ẹnjiníà wọn sì wá fi okùn wọn bó ṣe máa dagẹ̀rẹ̀. Ibi tí àwọn ẹgbẹ́ onílé ti ń pa ara wọn lára ni fífẹ̀ páìpù. Wọ́n á ra èyí tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ 600 mìlímítà torí ó dínwó, bẹ́ẹ̀ èyí tó jẹ́ 900 ń gba omi ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Bí èyí tí òjò gbé lọ bá jẹ́ 600, kí ni ẹ tún fẹ́ fi òmíràn bẹ́ẹ̀ ṣe? Ẹ mọ ògiri sí ẹnu rẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀ kí omi má baà máa jẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Yẹ̀pẹ̀ pupa tí ẹ bá dà lé e, ẹ jẹ́ kí rólà tẹ̀ ẹ́ ní ìpele ìpele. Dídà kó máa fi ẹsẹ̀ mọ́tò tẹ̀ kò wúlò. Ọ̀dà lè dúró di ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ìṣúná tuntun bá ti jáde.

Ó ku oní-fẹ́ǹsì. Kánsù ló ni ojú gótà, wọ́n sì lágbára láti ní kó wó o. Ẹ kọ́kọ́ rán àwọn àgbà àdúgbò sí i. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń gbà láti ṣí ojú omi sílẹ̀ nísàlẹ̀ fẹ́ǹsì kí ọ̀rọ̀ tó dé ọ́fíìsì. Bó bá kọ̀, ẹ kọ lẹ́tà ọ̀tọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ má dárúkọ fẹ́ǹsì nínú lẹ́tà kọ́fátì rárá, torí bí wọ́n bá rí i níbẹ̀, wọ́n á taari fáìlì náà sí àwọn tó ń rí sí ètò ilé kíkọ́, ibẹ̀ ni kọ́fátì yín náà á sì ti máa dúró de ẹjọ́ fẹ́ǹsì.