Ẹ Béèrè, Ká Dáhùn: Ilé Ìtọ́wò Wáìnì Tí Ò Ní Ba Ojú Ọgbà Àjàrà Jẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin la jọ ni ọgbà àjàrà kan tó wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Àwọn èèyàn ti ń wá ra wáìnì lọ́dọ̀ wa, inú ilé tá à ń kó irinṣẹ́ sí la ṣì ti ń bu díẹ̀díẹ̀ fún wọn kí wọ́n tọ́ ọ wò. A wá fẹ́ kọ́ ilé gidi fún un báyìí. Àbúrò mi ní orí òkè téńté ló yẹ kó wà káwọn tó ń kọjá ní títì lè máa rí i, èmi ò sì fẹ́ kí ilé ba ojú ọgbà yẹn jẹ́, torí ó wà lára ohun táwọn èèyàn ń tìtorí ẹ̀ wá. Akítẹ́ẹ̀tì tá a bá sọ̀rọ̀ ní ká ṣáà kùn ún ní àwọ̀ ewé, ó ní á parí síbẹ̀. Ṣóòótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ oko o. Kò parí síbẹ̀ o, ẹ̀gbọ́n. Ewé àjàrà kì í tutù yọ̀yọ̀ látìgbà dégbà, tó bá ti ń lọ sígbà òtútù á pọ́n, á di yẹ́lò, á wá wọ́ dànù tán, igi lásán láá kù, ilé tẹ́ ẹ kùn ní àwọ̀ ewé á wá dá dúró láàárín oko gbígbẹ bí ẹni tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀. Ohun tí kì í yí padà nínú ọgbà yín ni kẹ́ ẹ wò, ìyẹn ilẹ̀, òkúta inú ilẹ̀ ọ̀hún, bí òkè ṣe dà gẹ̀rẹ́, àti ìlà tẹ́ ẹ gbin àjàrà sí. Ibẹ̀ ni kí ilé ti mú àwọ̀ ẹ̀ àti ìdúró ẹ̀.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe ní Dominus, iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe wáìnì ní Napa Valley lọ́hùn-ún ní California. Herzog & de Meuron, àwọn akítẹ́ẹ̀tì ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ló ya ilé yẹn láwọn ọdún 1990. Kì í ṣe ilé kékeré o, ó gùn tó nǹkan bí 100 mítà, àmọ́ téèyàn bá jìnnà sí i díẹ̀, ìlà dúdú kan láàárín àjàrà lásán léèyàn máa rí. Ògiri ẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Wọ́n fi wáyà ṣe nǹkan bí àgò, wọ́n wá kó òkúta dúdú agbègbè yẹn kún inú ẹ̀, kò sí sìmẹ́ńtì kankan láàárín wọn. Níbi tí wọ́n fẹ́ kó ṣókùnkùn, wọ́n to òkúta kó há pinpin, níbi tí wọ́n fẹ́ ìmọ́lẹ̀, wọ́n jẹ́ kí àyè wà láàárín wọn, oòrùn á wá máa gba àárín òkúta wọlé, á máa tò tótòtó sórí ilẹ̀ inú ilé. Òkúta tó nípọn bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí ooru ọ̀sán tètè wọlé, òtútù òru náà kì í ráyè.

Ti Antinori, iléeṣẹ́ wáìnì míì tó wà ní Bargino, nítòsí Florence ní Ítálì, yàtọ̀ síyẹn. Inú òkè ni wọ́n tì í wọ̀, ọdún 2012 ni wọ́n ṣí i, wọ́n gbin àjàrà sórí òrùlé ẹ̀, téèyàn bá wà lókèèrè á dà bíi pé wọ́n kàn fi ọ̀bẹ la ara òkè lójú méjì gbọọrọ. Ó wù mí gan-an, àmọ́ owó ńlá ni, torí òrùlé tí iyẹ̀pẹ̀ wà lórí ẹ̀ wúwo, omi ń wá ọ̀nà àtijò, gbòǹgbò náà ń wá ọ̀nà àtiwọlé. Tẹ́ ò bá lówó ẹ̀, ẹ má dán an wò. Kẹ́ ẹ gbẹ́ ẹ̀yìn ilé wọnú òkè díẹ̀ kẹ́ ẹ sì fi òrùlé pẹrẹsẹ lé e, ó ti tó.

Orí òkè téńté kọ́ o. Ilé tó bá dúró síbẹ̀, ojú ọ̀run ló máa wà lẹ́yìn ẹ̀, kò sí àwọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ kùn ún tí ò ní yọ síta. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀ kí òkè lè wà lẹ́yìn òrùlé, kẹ́ ẹ wá rí pátákó tó dáa mọ́ ẹ̀gbẹ́ títì fún àbúrò yín. Ibi tí àjàrà ò ti ṣe dáadáa rí ni kẹ́ ẹ mú, ẹ má lọ kọ́lé sórí ilẹ̀ tó dáa jù nínú oko.

Ohun míì wà tí akítẹ́ẹ̀tì tí ò bá mọ iṣẹ́ oko lè má rántí. Afẹ́fẹ́ tútù máa ń ṣàn wálẹ̀ látorí òkè lóru bí omi. Tẹ́ ẹ bá na ògiri gbọọrọ dábùú òkè, ó di ìsédò nìyẹn, afẹ́fẹ́ yẹn á dúró sẹ́yìn ẹ̀, ìrì á dì bíi yìnyín sára àjàrà tó wà níbẹ̀ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ọ̀mùnú, ìkórè ìlà bíi mélòó kan lè bá a lọ. Nítorí náà ẹ pín ilé sí méjì kí ọ̀nà wà láàárín, tàbí kẹ́ ẹ rì í wọlẹ̀ débi tí afẹ́fẹ́ á fi gba orí òrùlé kọjá.

Kí bíríkìlà tó dé, ẹ ri òpó mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó ga tó ibi tí òrùlé máa dé gan-an, kẹ́ ẹ wá lọ wò ó láti títì láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ní Switzerland ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé gbọ́dọ̀ ri irú òpó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó fún un níwèé àṣẹ, káwọn aládùúgbò lè rí ohun tó ń bọ̀.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ fi pákó ṣe gbogbo inú ilé ìtọ́wò wa, kí n sì gbin òdòdó olóòórùn dídùn yí i ká. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Pákó dáa, òdòdó yẹn ni kẹ́ ẹ gbé jìnnà. Imú lèèyàn fi ń tọ́ wáìnì wò kó tó kan ẹnu. Mo ti wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ kan rí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi fáníìṣì kun pákó ẹ̀, ilé tó rẹwà, wọ́n bu wáìnì mẹ́rin fún mi, mo gbé ife kọ̀ọ̀kan sí imú, fáníìṣì ni mo ń gbọ́ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Inú ẹni tó ṣe wáìnì yẹn ò dùn rárá, èmi náà káàánú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí pákó yín gbẹ, kí òórùn ẹ̀ sì lọ tán kẹ́ ẹ tó ṣílẹ̀kùn fáwọn èèyàn.

Ẹ tún kíyè sí fèrèsé. Tẹ́ ẹ bá wà lápá àríwá ayé, èyí tó kọjú sí àríwá ló ń mú ìmọ́lẹ̀ tí kì í gbóná wọlé, tó bá jẹ́ apá gúúsù, gúúsù ni kó kọjú sí. Kí tábìlì jẹ́ funfun, torí wáìnì pupa tó ti ń dàgbà máa ń ní àwọ̀ bíríkì létí ife, orí nǹkan funfun lèèyàn ti ń rí i dáadáa.