Ẹlírí tó ń kú mọ́ yín lọ́wọ́

Ẹ̀gbọ́n tó béèrè láti Kétu pé ẹlírí mẹ́rin tí wọ́n kó nígbà tí wọ́n ń ṣán oko, méjì kú, méjì pòórá nínú àgò onírin: ẹ kú ìrọ́jú. Àwọn tó pòórá kò kú o, wọ́n jáde ni. Àgò tí ihò ara rẹ̀ bá ti fẹ̀ ju mìlímítà 5 lọ, ẹ má fi ẹlírí sí i. Gíláàsì tàbí bídọ̀n ńlá tí wọ́n gé orí rẹ̀ ló dáa, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bo orí rẹ̀ pinpin.

Ṣùgbọ́n ṣé ẹlírí ni wọ́n lóòótọ́? Ẹlírí tó dàgbà kì í wọ̀n ju gíráàmù 12 lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kéré bí ara rẹ̀ ṣe kéré. Bí orí àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá tóbi jù fún ara rẹ̀, ọmọ eku ńlá ni, ó sì lè jẹ́ ọmọ ẹdá. Ìtọ̀ ẹdá ló ń gbé ibà Lassa, èyí tó jà ní Bẹ̀nẹ̀ ní 2014 àti 2016. Ẹ má fọwọ́ lásán kàn án.

Òtútù ọyẹ́ ló sábà máa ń pa ẹlírí. Koríko gbígbẹ ni kí ẹ kó sínú igbá àgbọn fún un. Ẹ má lo òwú ìránṣọ, ó máa ń lọ́ mọ́ ẹsẹ̀ wọn títí ẹsẹ̀ á fi kú. Èyí tó bá tutù gan-an, tí kò mira, ẹ má tíì sọ ọ́ nù. Ẹ gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ tó móoru fún ìgbà díẹ̀, ó lè jí.

Omi: ọmọrí ìgò, kí ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀ kó má bàa rì. Nínú ọ̀dàn, òun fúnra rẹ̀ máa ń kó òkúta sẹ́nu ihò, á máa lá ìrì orí rẹ̀ ní ìdájí. (Ọgbọ́n ẹ̀dá kékeré!) Jéró àti irúgbìn koríko ni oúnjẹ rẹ̀, pẹ̀lú ikán méjì mẹ́ta lálẹ́. Àgbàdo nìkan kò tó o.

Ìrù kọ́ ni wọ́n ń fi gbé e, awọ rẹ̀ á bọ́. Ife ni kí ẹ dà bò ó, kí ẹ ti páálí sábẹ́. Bí abo bá lóyún, bí ogún ọjọ́ ló ń gbé e. Tó bá bí tán, ẹ má tú ìtẹ́ rẹ̀ wò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á jẹ ọmọ rẹ̀.