Ẹ Bi Dókítà Eyín: Kí Ló Dé Tí Wọ́n Fẹ́ Bu Ẹran Lájà Ẹnu Mi?

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n yọ eyín iwájú mi kan nísàlẹ̀, mo wá fẹ́ fi ìmpláàǹtì, ìyẹn gbòǹgbò eyín àtọwọ́dá tí wọ́n ń rì sínú eegun, dí i. Dókítà tí mo lọ bá yẹ ẹnu mi wò títí, ó ní eegun tó, àmọ́ èrìgì mi ti tín-ín-rín jù, pé òun á kọ́kọ́ bu ẹran díẹ̀ lájà ẹnu mi lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ṣé dandan ni àbí owó ni wọ́n kàn fẹ́ gbà? Ibi tí wọ́n bá ti bu ẹran ńkọ́, ṣé ó máa hù padà?

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Mi ò tíì rí ẹnu yín, torí náà mi ò lè sọ pé dandan ni, ṣùgbọ́n ohun tí dókítà yín sọ yẹn mọ́gbọ́n dání. Èrìgì tó wà nídìí eyín oríṣi méjì ni. Ọ̀kan le, ó lẹ̀ mọ́ eegun, tẹ́ ẹ bá fìka tì í kò ní mì. Èkejì wà nísàlẹ̀ ẹ̀ lápá ibi ètè, òun rọ̀, ó pupa, tẹ́ ẹ bá fa ètè òun náà á tẹ̀ lé e. Èyí tó le ló ń fara da búrọ́ṣì àti oúnjẹ. Tí wọ́n bá yọ eyín, eegun ibẹ̀ máa ń fà sẹ́yìn, èrìgì tó le náà sì lè dín kù. Tí wọ́n bá wá rì ìmpláàǹtì sáàárín ẹran rírọ̀ nìkan, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń jẹun ni ibẹ̀ á máa fà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ fọ̀ ọ́ á máa dùn yín, ibi tó bá sì ń dunni èèyàn kì í fọ̀ ọ́ kúnná, bí ìdọ̀tí ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kòkòrò á wọlé, èrìgì á wú, tí wọn ò bá tètè mójú tó o eegun tó di ìmpláàǹtì mú á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù.

Nǹkan míì tún wà níbẹ̀. Eyín tí Ọlọ́run fún wa, fọ́nrán èrìgì wọnú gbòǹgbò ẹ̀ lọ ni, ó so mọ́ ọn gírígírí. Ìmpláàǹtì ò rí bẹ́ẹ̀, irin tí wọ́n ń pè ní títániọ́ọ̀mù ni, eegun máa ń dì í mú dáadáa, èyí tí onímọ̀ ìṣègùn Per-Ingvar Brånemark fi hàn ní Swídìn nígbà tó fi sẹ́nu èèyàn àkọ́kọ́ ní 1965, àmọ́ èrìgì kàn yí i ká ni, kò so mọ́ ọn bíi ti eyín, ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ síbẹ̀ náà ò pọ̀ tó ti eyín. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ dókítà fi ń fẹ́ kí èrìgì tó le fẹ̀ tó mìlímítà 2 ó kéré tán yí ìmpláàǹtì ká. Àwọn onímọ̀ kan ní tèèyàn bá ń fọ ẹnu ẹ̀ dáadáa kò pọn dandan, òótọ́ díẹ̀ wà nínú ìyẹn. Èmi o, tó bá jẹ́ pé èrìgì tín-ín-rín, tó sì jẹ́ eyín iwájú, ó yá mi lára kí wọ́n ṣe é kí ìmpláàǹtì tó wọlé, torí àtúnṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dé eyín tuntun lé e lórí máa ń le jù, tí èrìgì bá sì fẹ́lẹ́ àwọ̀ irin lè máa hàn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ lábẹ́ ẹ̀.

Ti àjà ẹnu, wọ́n á gún yín lábẹ́rẹ́ kí ibẹ̀ kú. Ẹ̀gbẹ́ àwọn eyín tó wà lẹ́yìn eyín ajá ni wọ́n ti máa ń bu ẹran náà, ó sábà máa ń nípọn tó mìlímítà kan sí kan àbọ̀. Bí wọ́n bá bó awọ òkè mọ́ ọn, ojú egbò á ṣí sílẹ̀, á máa ta yín bí ẹni jóná fún ọjọ́ mélòó kan, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 kó tó dí, ẹ lè ní kí wọ́n bá yín ṣe páálí rọ́bà tó máa bò ó. Bí wọ́n bá ṣí awọ, tí wọ́n yọ ẹran abẹ́ ẹ̀, tí wọ́n rán awọ náà padà, ìrora ẹ̀ kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, ó máa hù padà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, mo máa ń fi agbára fọ eyín. Èrìgì eyín ajá mi ti sá sókè, gbòǹgbò ti yọ síta, omi tútù ń ta mí wọ ọpọlọ. Ṣé wọ́n lè fi ẹran bò ó? Mo ń mu sìgá o.

ÌDÁHÙN: Àbúrò, wọ́n lè bò ó, àmọ́ bó ṣe máa bò tó wà lọ́wọ́ eegun àárín eyín. Tí eegun àti èrìgì tó wà láàárín eyín sí eyín bá ṣì pé, gbòǹgbò lè bò tán pátápátá. Tí ìyẹn bá ti lọ, díẹ̀ ló máa bò, kò sí bí ọwọ́ dókítà ṣe mọ́ tó. Ẹ̀jẹ̀ ló fà á. Ẹran tí wọ́n bu wá yẹn ò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ mọ́, ọjọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́ omi tó ń sun láti ibi tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ló ń mu, kí iṣan tuntun tó wọ inú ẹ̀, orí gbòǹgbò eyín kò sì ní ẹ̀jẹ̀ kankan tó fẹ́ fún un, ẹ̀gbẹ́ nìkan ló ti ń rí i. Ìdí ẹ̀ tí wọ́n fi máa ń ki ẹran náà sábẹ́ èrìgì kí ó lè rí ẹ̀jẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀ nìyẹn.

Sìgá wá ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, jáwọ́ nínú ẹ̀ ṣáájú iṣẹ́ náà àti lẹ́yìn ẹ̀, tí o bá ń mu ún lọ owó àti ìrora yẹn lè ṣòfò. Búrọ́ṣì rírọ̀ ni kí o lò láti òní, má dúró de òpéréṣọ̀n, torí ohun tó lé èrìgì àkọ́kọ́ á tún lé èyí tí wọ́n bá lẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Mo gbọ́ pé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń lò tí èèyàn ò bá fẹ́ kí wọ́n kan àjà ẹnu òun. Ẹ̀sìn mi ò gbà á.

ÌDÁHÙN: Kì í ṣe gbogbo ẹ̀. Kólájìn, ìyẹn èròjà tó ń mú kí awọ lágbára, tí wọ́n ti fọ̀ tí wọ́n ti ṣe ni, òmíràn wá látara ẹlẹ́dẹ̀, òmíràn látara màlúù, òmíràn látara awọ èèyàn tó fi ara ẹ̀ tọrẹ lẹ́yìn ikú. Ẹ béèrè orísun ẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹran ara yín gan-an ṣì ni mo fẹ́ràn jù tí èrìgì bá nílò kó nípọn.

ÌBÉÈRÈ: Ọjọ́ kẹrin rèé tí wọ́n lẹ ẹran sídìí ìmpláàǹtì mi, ó ti funfun! Mo máa ń fa ètè wò ó láràárọ̀. Ṣé ó ti kú ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fa ètè mọ́! Ewéko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́ ni, tí wọ́n bá ń fà á wò lójoojúmọ́ kò ní ta gbòǹgbò. Iṣan tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń wọ inú ẹ̀ báyìí lẹ̀ ń já.

Funfun yẹn, awọ òkè ẹ̀ ló ń bó, ó wọ́pọ̀, tó bá fi máa tó bí ọ̀sẹ̀ kan ó á máa pupa. Tó bá sì sún kì díẹ̀ nígbà tó yá ẹ má fòyà, dókítà ti mọ̀ pé ó máa ń sún kì, wọ́n máa ń bu ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ má fi búrọ́ṣì kàn án fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2, ohun tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ fi yọ ẹnu ni kẹ́ ẹ lò, ẹ má fi sítúróò mu nǹkan, ẹ jẹ oúnjẹ rírọ̀ tó tutù, ẹ máa fi ẹ̀gbẹ́ kejì jẹ. Tẹ́ ẹ bá ní àtọ̀gbẹ ẹ rí i pé ṣúgà yín ò ròkè.

Tí ẹ̀jẹ̀ bá ń sun lájà ẹnu, ẹ fi gọ́ọ̀sì tó tutù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 láìṣí i wò. Tí kò bá dá, tàbí tí ara yín bá gbóná, tí ọyún ń jáde, tí wíwú ẹ̀ ń pọ̀ sí i lẹ́yìn ọjọ́ kẹta dípò kó máa lọ sílẹ̀, tàbí tí ẹran náà ń mì tó dúdú tó ń rùn, ẹ pe dókítà tó ṣe é lónìí, ẹ má dúró di ọjọ́ tó dá fún yín.