“A” ni àbí “wọ́n”? Ohun tó ń mú olólùfẹ́ dúró nígbà tí ẹgbẹ́ ń pàdánù

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kékeré kan níbí ní Kubwa. Nígbà tí sáà yìí bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń wá wò wá tó igba. A wá pàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún léraléra. Sátidé tó kọjá, mo ka orí, kò pé ọgbọ̀n, mẹ́fà nínú wọn sì jẹ́ ẹbí àwọn agbábọ́ọ̀lù. Àwọn yòókù wà nílé ìwòran bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ọjà, wọ́n ń sanwó wo Manchester United tó jẹ́ pé 2013 ni wọ́n ti gba líìgì kẹ́yìn. Kí ni àwọn ẹgbẹ́ ńlá wọ̀nyí ń fún àwọn èèyàn wọn jẹ tí wọn kì í fi í lọ? Ṣé oògùn ni? Alága wa ní ká ra jẹ́sì tuntun, pé ìyẹn ló máa kó wọn padà. Kí lẹ rí sí i?

ÌDÁHÙN

Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dé ibi oògùn yẹn. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jókòó sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan lápá Àríwá níbí. Èmi ni mo ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, èmi ni mo ń gbé fóònù àwọn alátìlẹ́yìn, èmi náà ni mo ń gba èébú tó yẹ kó lọ bá akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ká ní oògùn wà ni, mi ò bá ti rà á.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo àwọn èèyàn yín tó wà lẹ́yìn ọjà yẹn dáadáa. Kì í ṣe Manchester United nìkan ni wọ́n ń sanwó fún. Bẹ́ǹṣì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n mọ̀ pé tàwọn ni, ẹnìkan wà tí wọ́n máa bá jiyàn, ẹlòmíràn wà tí wọ́n máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ délé. Bí ẹgbẹ́ wọn bá borí, ó dùn. Bí wọn ò borí, iyàn ọ̀hún tún ń gbóná sí i ni. Arsenal gba líìgì ní 2004, lẹ́yìn ìyẹn, ó lé lógún ọdún tí wọn ò fi rí i gbà. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ẹ bá mi ka iye ọmọ Nàìjíríà tó fi Arsenal sílẹ̀. Èmi ò mọ̀ ju ẹyọ kan lọ, àbúrò ìyàwó mi ni, a ò sì tíì dárí jì í.

Etí ni mo fi ń mọ̀ bóyá ẹgbẹ́ kan ti ń pàdánù èèyàn rẹ̀. Iye tíkẹ́ẹ̀tì máa ń pẹ́ kó tó sọ òótọ́. Ẹ dúró sẹ́yìn àwọn tó ń jáde ní pápá, kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ lórí fóònù. Lọ́jọ́ ayọ̀: “A nà wọ́n méjì sódo!” Lọ́jọ́ ìbànújẹ́: “Wọ́n tún ti jẹ.” Ẹnu kan náà ni, ẹgbẹ́ kan náà ni. Bí a ṣe ń sọ nípa ọmọ ló rí: tó bá dáa, ti bàbá ni, tó bá burú, ti ìyá ni. Ní 1976, Robert Cialdini, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wádìí ọ̀rọ̀ yìí láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé ní ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀lé ìgbà tí ẹgbẹ́ iléèwé bá borí, aṣọ tó ní orúkọ iléèwé máa ń pọ̀ lọ́rùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ju ti ìgbà tí wọ́n bá pàdánù lọ. Nígbà tí wọ́n sì fi fóònù bi wọ́n pé báwo ni ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣe lọ, “a” pọ̀ lẹ́nu wọn níbi tí wọ́n ti borí, ó sì ṣọ̀wọ́n níbi tí wọ́n ti pàdánù.

Nítorí náà, gbogbo iṣẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ tó mọṣẹ́ ń ṣe nígbà ìṣòro kò ju kí “a” má kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn wọn. Ohun tó sì ń yọ ọ́ kúrò lẹ́nu wọn kì í sábà jẹ́ ayò tí wọ́n gbá wọlé wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ lójú mi. Lọ́dún kan, a ti pàdánù mẹ́rin, a sì ta ọ̀mì kan, èrò ò tíì dín lọ títí. Ọjọ́ kan wá dé tí àwọn aláṣẹ sún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ láti aago mẹ́rin sí aago méjì nítorí àlejò pàtàkì kan tó fẹ́ tètè lọ. Ẹnikẹ́ni ò ránṣẹ́ sí aráàlú. Èmi fúnra mi gbọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ náà, mo rò pé ẹlòmíràn ti sọ. Bàbá kan wà tó ń ta páàtì ọkọ̀, Yorùbá bíi tiwa, tí kì í pa ọjọ́ bọ́ọ̀lù jẹ, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló máa ń mú wá. Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Ọmọ wọ jẹ́sì wa, ó tóbi jù ú lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé e lórúnkún. Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí bọ́ọ̀lù parí, a ti jẹ mẹ́ta. Bàbá náà ò bú mi. Ó bọ́ jẹ́sì lọ́rùn ọmọ, ó ká a, ó tì í sínú ọ̀rá tó fi gbé omi wá, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o.” Oṣù méjì lẹ́yìn náà, a pàdé nílé epo. Ó kí mi dáadáa, ó sì béèrè pé, “Ẹgbẹ́ yín ńkọ́?”

Yín. Mo gbọ́ ọ. Ọ̀dọ̀ tiwa ló ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ẹsẹ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù.

Ẹ lè ní ẹgbẹ́ kékeré nìyẹn ti ń ṣẹlẹ̀. Ó dáa, ẹ wo Liverpool. Ní oṣù Kejì 2016, àwọn olówó ẹgbẹ́ náà kéde pé tíkẹ́ẹ̀tì kan máa di pọ́ùn 77. Nígbà tí wọ́n ń bá Sunderland gbá, tó di ìṣẹ́jú 77, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn dìde, wọ́n jáde. Ẹ mọ̀ pé méjì sódo ni Liverpool fi ń borí lásìkò yẹn? Wọ́n borí, èèyàn ń lọ. (Lẹ́yìn tí wọ́n jáde tán ni Sunderland dá méjèèjì padà.) Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn olówó tọrọ àforíjì, wọ́n sì fagi lé owó tuntun náà. Ẹ wá fi ìyẹn wé Sunderland fúnra rẹ̀. Wọ́n já lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, ní 2017 àti 2018, títí wọ́n fi bá ara wọn ní ìpele kẹta. Ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì 2018, èèyàn 46,039 ló jókòó ní pápá wọn láti wò wọ́n. Ìpele kẹta o! Níbí, 3SC Ìbàdàn já ní 2017, ó di 2021 kí wọ́n tó padà. Ẹnikẹ́ni tó bá ti dé pápá wọn ní Adamasingba mọ̀ pé àwọn èèyàn yẹn ò ka ẹgbẹ́ náà sí ohun àlejò.

Ọ̀rọ̀ àlejò yìí gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú. Kano Pillars ní ìnagijẹ kan lédè Hausa, Sai Masu Gida. Masu gida túmọ̀ sí àwọn onílé. Wọ́n gba líìgì Nàìjíríà ní 2008, wọ́n tún gbà á lẹ́ẹ̀mẹta léra ní 2012, 2013 àti 2014. Ní 2022, wọ́n já. Nígbà tó fi máa di 2023, wọ́n ti padà sókè. Bí òjò bá ń jò wọlé, àlejò á wá bàtà rẹ̀, onílé á wá àkàbà. Ìbéèrè yín ni pé báwo lẹ ṣe máa sọ èèyàn igba di onílé, nígbà tó jẹ́ pé òjò ti ń jò báyìí.

Ẹgbẹ́ tó kọ́ mi ní èyí jù ni Union Berlin, ní Jámánì. Ní oṣù Kejìlá 2003, nǹkan ò dáa fún wọn rárá, sáà yẹn náà ni wọ́n já kúrò ní líìgì kejì. Àwọn olólùfẹ́ 89 péré yọ́ wọ inú pápá wọn lálẹ́, nígbà tí kò sí bọ́ọ̀lù, wọ́n dúró papọ̀, wọ́n ń kọrin Kérésì. Ohun tí wọ́n lọ ṣe níbẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n tún ṣe é lọ́dún kejì, èèyàn pọ̀ sí i. Lónìí, èrò tó ń wá kọrin níbẹ̀ lọ́dọọdún ti lé ní ẹgbàáwàá. Ní 2004 tí wọn ò rówó ìwé àṣẹ láti gbá líìgì san, àwọn olólùfẹ́ lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń sanwó fún ẹ̀jẹ̀, wọ́n kó owó náà fún ẹgbẹ́. Nígbà tí pápá wọn ń wó lọ, èyí tó lé ní ẹgbàá nínú wọn fọwọ́ ara wọn tún un kọ́ láàárín 2008 sí 2009: wọ́n po kọnkéré, wọ́n gbé irin. Ní 2019, wọ́n wọ líìgì àkọ́kọ́ ní Jámánì fún ìgbà àkọ́kọ́. Mi ò ní kẹ́ ẹ lọ ta ẹ̀jẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti po kọnkéré ibi tó jókòó sí, báwo ló ṣe fẹ́ sọ pé “wọ́n”?

Àwọn ẹgbẹ́ kan máa ń fi owó tọrọ àforíjì, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ bó bá yá kánkán. Wigan jẹ mẹ́sàn-án sí ẹyọ kan lọ́wọ́ Tottenham ní 2009, àwọn agbábọ́ọ̀lù fúnra wọn ló dá owó tíkẹ́ẹ̀tì padà fún àwọn tó tẹ̀lé wọn lọ. Arsenal jẹ mẹ́jọ sí méjì ní Old Trafford, pápá Manchester United, ní 2011, wọ́n fún àwọn tó rin ìrìn àjò náà ní tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ míì lẹ́yìn odi. Pípààrọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá ńkọ́? Ó máa ń mú ara yá fún ọ̀sẹ̀ méjì. Páálí gàgàrà tó ní “A máa borí!” ni mo kórìíra jù, torí bẹ́ ẹ bá tún jẹ, ẹ ti di onírọ́ mọ́ aláìlágbára.

Ẹ má sì bẹ̀rù àwọn tó ń bínú. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta 2022, nígbà tí Ghana bá wa ta ọ̀mì ẹyọ kan sí ẹyọ kan ní pápá Moshood Abiola níbí, tí ìyẹn sì gba Ife Àgbáyé lọ́wọ́ wa, àwọn èèyàn ya wọ inú pápá, wọ́n ba nǹkan jẹ́. Ìbàjẹ́ ni, mi ò gbè é lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kèkè tí mo wọ̀ ní Nyanya, awakọ̀ bú àwọn agbábọ́ọ̀lù láti ibùdókọ̀ títí dé ibi tí mo ti bọ́ sílẹ̀, ó wá gba owó mi, ó ní, “Ọ̀gá, ta la tún máa bá gbá?” Ẹni tó ń pariwo ṣì wà lọ́dọ̀ yín. Ẹni tó ká jẹ́sì sínú ọ̀rá láìsọ̀rọ̀ ni kẹ́ ẹ sáré tẹ̀ lé.

Ó wá kan tiyín. Àkókò lẹ máa kọ́kọ́ tún ṣe. Bẹ́ ẹ bá ń gbá ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ẹ̀ ń bá Premier League jà, ẹ ò sì lè borí. Aago mẹ́ta tiwọn jẹ́ aago mẹ́ta tiwa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, ó ń di mẹ́rin tiwa láti ìparí oṣù Kẹwàá dé ìparí oṣù Kẹta. Ẹ gbé tiyín sí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó mú, kẹ́ ẹ má sì sún un mọ́ fún ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ alága fúnra rẹ̀ ló ń bọ̀. Wọ́n á ti ibẹ̀ gba ilé ìwòran lọ, kò burú.

Ẹ ra ìwé kan. Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà igba èèyàn tó ń wá tẹ́lẹ̀, ẹ bi àwọn ọgbọ̀n tó ṣẹ́ kù, wọ́n mọ̀ wọ́n. Kẹ́ ẹ má fi ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ sí gbogbo wọn lórí WhatsApp o, èèyàn ò ka ìyẹn mọ́. Ẹ pè wọ́n, mẹ́wàá lálẹ́. Kẹ́ ẹ má tún bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá wòran. Ẹ gbé iṣẹ́ fún wọn: ẹni tó ní ẹ̀rọ ìgékoríko, ẹni tó mọ ìlù, ìyá tó ń ta ẹ̀wà tó lè gbé ìkòkò wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, wẹ́dà tó máa jó irin òpó góòlù. Ọmọdé kò gbọdọ̀ sanwó.

Bẹ́ ẹ bá sì tún pàdánù, èyí tó ṣeé ṣe, kí balógun ẹgbẹ́ má sáré wọ inú bọ́ọ̀sì. Kó rìn lọ bá àwọn tó wá, kó bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọgbọ̀n èèyàn, kò ní gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Nígbà tó bá máa fi di alẹ́, kí akọ́nimọ̀ọ́gbá ti gba ohùn sílẹ̀ ránṣẹ́, kó sọ ohun tó bàjẹ́ láìdá rẹfirí lẹ́bi.

Ní ti jẹ́sì tuntun tí alága fẹ́ rà, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó dúró ná. Ẹ fi owó náà ra nẹ́ẹ̀tì góòlù àti bẹ́ǹṣì mẹ́wàá, kẹ́ ẹ pe káfíńtà kan nínú àwọn tó wà lẹ́yìn ọjà yẹn kó wá kàn án.